Bí A Ṣe Lè Mú Ìṣọ́ Ọkọ̀ Ojú Omi àti Ààbò Dára Sí I lórí Kánáàlì: Ìtọ́sọ́nà tí a gbé ka Suez

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 23, oṣù Kẹta, ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ń jẹ́ Ever Given, tí gígùn rẹ̀ tó mítà 400, dábùú Kánáàlì Suez ní ilẹ̀ Íjíbítì. Ó fi iwájú gún bèbè kan, ó fi ìdí gún èkejì, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di ọjọ́ 29 oṣù náà. Ó lé ní 400 ọkọ̀ tí ó tò sí apá méjèèjì kánáàlì, tí wọ́n ń retí kí ọ̀nà là. Ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ń ṣètò ìṣọ́ ọkọ̀ fi sọ́kàn nípa ọjọ́ náà ni pé ọkọ̀ yìí kò fara pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ AIS rẹ̀, èyí tí ń fi rédíò kéde orúkọ ọkọ̀ àti ibi tí ó wà, ń ṣiṣẹ́ débi pé àwọn tí wọ́n jókòó sílé wọn rí ipa ọ̀nà rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, afọ̀nàhàn méjì láti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ kánáàlì sì wà lórí rẹ̀. Wọ́n rí i, ó sì há.

Nítorí náà, rírí ọkọ̀ nìkan kò tó. Ìṣọ́ tí ó ní láárí ni èyí tí ẹni tí ń wo ojú ẹ̀rọ ní àṣẹ, tí ó sì ní ìlànà tí a ti kọ sílẹ̀, láti sọ fún ọkọ̀ kan pé kí ó má tíì wọlé, tàbí kí ó dín eré kù, kí ọ̀rọ̀ tó di iṣẹ́ àwọn tí ń wa yanrìn. Orí èyí ni gbogbo ìgbésẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ yìí dúró lé. Mo gbé e ka Suez nítorí pé àpẹẹrẹ ibẹ̀ pọ̀, wọ́n sì ṣe kedere: kánáàlì náà gùn tó kìlómítà 193, wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 17, oṣù Kọkànlá, ọdún 1869, kò ní ilẹ̀kùn omi kankan láti Port Said ní àríwá títí dé ìlú Suez ní gúúsù, ọkọ̀ ńláńlá sì ń gba inú rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ìwà omi náà kí ẹ tó ra ẹ̀rọ kankan

Ẹ gba àwòrán ilẹ̀ kánáàlì yín, kí ẹ pín in sí abala, kí ẹ sì kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀ fún abala kọ̀ọ̀kan: bí ó ṣe fẹ̀ tó ní ìsàlẹ̀ (ẹ má ṣe wo fífẹ̀ ojú omi nìkan), bí ó ṣe jìn tó, ibi tí omi ń ṣàn sí àti ìgbà tí ó ń yí padà, àti apá ibi tí atẹ́gùn tí ó le jù ti ń wá. Ní Suez, abala tí ó wà ní gúúsù adágún Great Bitter Lake yàtọ̀ gan-an sí abala ti àríwá, nítorí pé ìkún àti ìsà Òkun Pupa ń mú kí omi ibẹ̀ ṣàn lọ, kí ó sì tún ṣàn bọ̀, ní ọjọ́ kan náà. Abala gúúsù yìí, tí ó jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo nígbà náà, ni Ever Given há sí, ní nǹkan bí kìlómítà 151 tí a bá kà á láti Port Said. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà kejì tí wọ́n gbẹ́ ní ọdún 2015, èyí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 35, ni ó há sí ni, àwọn ọkọ̀ yòókù ì bá ti rí ibòmíràn gbà.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ìṣirò bí ọkọ̀ ṣe ń rì sí i nígbà tí ó bá ń sáré nínú omi tí kò fẹ̀. Omi tí ọkọ̀ ń tì síwájú gbọ́dọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ àti abẹ́ rẹ̀ kọjá padà sẹ́yìn. Bí àyè bá ṣe há tó ni omi náà yóò ṣe yára tó, ìwọ̀n ojú omi yóò lọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ọkọ̀ yóò sì bá a lọ sílẹ̀. Ìlànà ìṣirò kan wà tí àwọn atukọ̀ ń lò fún ibi híhá: ẹ mú eré ọkọ̀ ní nọ́ọ̀tì (ìwọ̀n tí a fi ń wọn eré ọkọ̀ ojú omi àti atẹ́gùn), ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ẹ sọ èyí di púpọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tí ń fi bí ọkọ̀ náà ṣe sanra lábẹ́ omi hàn, kí ẹ sì fi 50 pín in. Fún ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0.7, tí ó ń sá eré nọ́ọ̀tì 8, yóò rì sí i ní nǹkan bí mítà 0.9. Bí ó bá sá eré nọ́ọ̀tì 12, yóò di mítà 2. Eré tí a fi ìdajì kún ti ju ìlọ́po méjì rírì lọ, ìdí sì nìyí tí òté eré fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí lórí kánáàlì.

Ohun kejì tí bèbè ń ṣe ni pé ó ń fa ọkọ̀. Bí ọkọ̀ ńlá bá sún mọ́ bèbè kan jù, omi tí ń sáré láàárín òun àti bèbè náà yóò fa ìdí ọkọ̀ mọ́ ibẹ̀, omi tí ó kó jọ níwájú yóò sì ti orí ọkọ̀ lọ sí apá kejì. Atukọ̀ tí ó bá fẹ́ fi eré kún un kí ìtọ́kọ̀ rẹ̀ lè ní agbára sí i lè jẹ́ ẹni tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú kí fífà náà le sí i. Ẹ fi àmì sí gbogbo ibi tí èyí ti ṣẹlẹ̀ rí lórí kánáàlì yín, àní bí ọkọ̀ náà kò tilẹ̀ há.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kọ òté tí yóò dá ọkọ̀ dúró kí ó tó wọlé

Ibí ni mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró sí pẹ́ jù, nítorí pé níbí ni ọ̀pọ̀ ibùdó ìṣọ́ ti kù díẹ̀ káàtó. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí ń wọn atẹ́gùn, wọ́n sì ń ka nọ́ńbà rẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ lórí rédíò, ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan tí ó sọ pé bí nọ́ńbà náà bá dé ibi báyìí, irú ọkọ̀ báyìí kò gbọdọ̀ wọlé. A wá fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ọ̀gá ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń retí ẹrù, àti afọ̀nàhàn tí kò fẹ́ jẹ́ ẹni tí ó dá ọ̀wọ́ ọkọ̀ dúró.

Ẹ ro ohun tí atẹ́gùn ń ṣe sí ọkọ̀ akẹ́rù tí kọ̀ńténà kún orí rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá gùn tó mítà 400, tí ara rẹ̀ àti ẹrù orí rẹ̀ sì ga tó mítà 35 lókè omi, ògiri tí ó fi kọjú sí atẹ́gùn fẹ̀ tó mítà alábala 14,000. Atẹ́gùn tí ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ ní nọ́ọ̀tì 40, irú èyí tí àwọn aláṣẹ ròyìn ní ọjọ́ tí Ever Given há, yóò ti ògiri bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú agbára tí ó ju ìwúwo tọ́ọ̀nù 300 lọ. Bí atẹ́gùn náà bá jẹ́ nọ́ọ̀tì 20, agbára yìí yóò dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ọkọ̀ agbépo tí ó gùn tó bẹ́ẹ̀, tí ó kún, tí ó sì rì wọlé, kò fi ìdajì ògiri bẹ́ẹ̀ hàn fún atẹ́gùn. Nítorí náà, òté kan ṣoṣo fún gbogbo ọkọ̀ kò bójú mu.

Ẹ ṣe tábìlì kan. Ní apá òsì, ẹ to irú ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí gígùn wọn àti bí ògiri wọn ṣe fẹ̀ tó. Lókè, ẹ kọ ìwọ̀n atẹ́gùn láti ẹ̀gbẹ́ àti bí ojú ṣe ń ríran jìnnà tó. Nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ̀kan nínú ìdáhùn mẹ́ta: kí ó wọlé, kí ó wọlé pẹ̀lú ọkọ̀ afakọ̀ tí a so mọ́ ọn, tàbí kí ó dúró. Ẹ pe àwọn afọ̀nàhàn, àwọn ọ̀gá ọkọ̀ afakọ̀ àti àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ jókòó láti fi nọ́ńbà sí i, kí ẹ sì dán nọ́ńbà náà wò nínú yàrá ìdánrawò tí kọ̀ǹpútà ti ń ṣe àfarawé ọkọ̀ kí ẹ tó fi ọwọ́ sí i. Ẹ má ṣe yá tábìlì kánáàlì mìíràn lò, nítorí pé bèbè yín kọ́ ni bèbè wọn.

Ẹ tún kọ orúkọ ipò ẹni tí ó ní àṣẹ láti sọ pé kí ọkọ̀ dúró, kí ipò náà sì jẹ́ ti ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní wákàtí náà gan-an. Bí òṣìṣẹ́ ìṣọ́ bá gbọ́dọ̀ jí ọ̀gá lójú oorun kí ó tó dá ọkọ̀ kan dúró, ọkọ̀ yóò ti wọlé kí ọ̀gá tó gbé fóònù. Kí ìwé náà sọ ọ́ ní gbangba pé a kò ní fi ìyà jẹ òṣìṣẹ́ tí ó dá ọkọ̀ dúró gẹ́gẹ́ bí tábìlì ṣe sọ, iye owó yòówù kí ìdádúró náà ná.

Ojú ọjọ́ kò ní jẹ́ ohun àìròtẹ́lẹ̀ fún ẹni tí ó mọ agbègbè rẹ̀. Láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kárùn-ún ni ẹ̀fúùfù khamsin máa ń gbé eruku aṣálẹ̀ bo ilẹ̀ Íjíbítì. Ẹni tí ó bá mọ òwúrọ̀ ọyẹ́ tí eruku rẹ̀ ki mọ bí ojú ṣe ń dí, ṣùgbọ́n ti khamsin máa ń wá pẹ̀lú agbára atẹ́gùn ńlá. Kí tábìlì àkókò yẹn le ju ti àkókò yòókù lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ojú kan ṣoṣo

Àdéhùn SOLAS, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun, ti àjọ IMO, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ìrìnnà ojú omi, béèrè pé kí gbogbo ọkọ̀ tí ń rin ìrìn-àjò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 300 tọ́ọ̀nù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní AIS, bẹ́ẹ̀ náà sì ni gbogbo ọkọ̀ tí ń kó èrò, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Ẹ̀rọ yìí ń sọ orúkọ ọkọ̀, ibi tí ó wà, eré rẹ̀ àti apá ibi tí orí rẹ̀ kọ sí, ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì sí mẹ́wàá bí ọkọ̀ bá ń rìn, àti ní ìṣẹ́jú mẹ́ta bí ó bá ti ju ìdákọ̀ró. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ń tẹ bí ọkọ̀ ṣe rì tó àti ibi tí ó ń lọ sínú rẹ̀, wọ́n sì lè gbàgbé láti tún un ṣe. Ibi tí ó wà ń ti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì wá, ẹlòmíràn sì lè dà á rú. Ní oṣù Kárùn-ún, ọdún 2025, ọkọ̀ MSC Antonia gúnlẹ̀ nínú Òkun Pupa ní ìtòsí Jeddah, àwọn tí ń tọpinpin ìrìn ọkọ̀ sì fura pé ìdàrú GPS ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Nítorí náà, kí rédà bèbè, ẹ̀rọ tí ń fi ìgbì rédíò wá ohun tí ó wà lójú omi, máa wo ohun tí AIS ń sọ, kí ẹ̀rọ sì ké bí méjèèjì kò bá bára mu ju ìwọ̀n tí ẹ ti yàn lọ. Ẹ gbé kámẹ́rà, pẹ̀lú èyí tí ń rí ooru ara nínú òkùnkùn, sí ibi tí àwọn ọkọ̀ tí ń gbé èrò àti mọ́tò sọdá ti ń kọjá láti bèbè kan sí èkejì, àti sí àwọn adágún tí àwọn apẹja ti ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ọkọ̀ kékeré onígi kì í ní AIS, rédà sì lè má rí i dáadáa. Ẹ pín àwọn ẹ̀rọ tí ń wọn atẹ́gùn káàkiri bèbè; èyí tí ó wà lórí òrùlé ọ́fíìsì nínú ìlú kò lè sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní etí aṣálẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ yan ohun tí ẹ̀rọ yóò máa ké lé lórí

Ọ̀pọ̀ ibùdó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ké nígbà tí ọkọ̀ bá ti jáde kúrò ní ojú ọ̀nà. Ó ti pẹ́ jù nígbà náà. Ọkọ̀ tí ń sá eré nọ́ọ̀tì 8 ń rin mítà 4 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọkọ̀ tí ó gùn tó mítà 400 yóò ti rin gígùn ara rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀. Ohun tí ó yẹ kí ẹ máa ṣọ́ ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ibi tí orí ọkọ̀ kọ sí àti ibi tí ọkọ̀ náà ń lọ gan-an. Ọkọ̀ tí ó fẹ̀ tó mítà 59, tí ó sì gùn tó mítà 400, ń gba àyè mítà 59 bí ó bá ń lọ tààrà. Bí atẹ́gùn bá mú kí ó máa rìn ní dídagun pẹ̀lú digíríì 5 péré, àyè tí yóò gbà á di nǹkan bí mítà 94. Dídagun yìí máa ń hàn lójú AIS ṣáájú kí ọkọ̀ tó fara kan bèbè. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ ké jẹ́jẹ́ ní digíríì tí ẹ yàn, kí ó sì ké kíkankíkan bí dídagun náà bá ń pọ̀ sí i, tàbí bí ọkọ̀ tí ń dagun bá ń fi eré kún eré.

Ẹ ṣọ́ra kí igbe má pọ̀ jù. Òṣìṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ké mọ́ ní gbogbo ìgbà yóò kọ́ láti máa pa á lẹ́nu mọ́ láìwò ó. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ ka iye igbe tí ó yọrí sí ìgbésẹ̀ kan, kí ẹ sì yọ èyí tí kò wúlò kúrò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Àlàfo láàárín ọkọ̀ àti ọkọ̀

Ní Suez, ọkọ̀ ń wọlé ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Ọkọ̀ márùn-ún-dín-lógún ni ó wà lẹ́yìn Ever Given nínú ọ̀wọ́ tirẹ̀ nígbà tí ó há. Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2023, ọkọ̀ agbégáàsì BW Lesmes bàjẹ́ láìròtẹ́lẹ̀ nínú kánáàlì, ọkọ̀ agbépo Burri tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kò sì lè dúró kí ó tó forí sọ ọ́. Wọ́n fa méjèèjì kúrò láàárín wákàtí díẹ̀, ṣùgbọ́n epo àti gáàsì kì í ṣe ẹrù tí a ń fi ṣe ìdánwò.

Ìlànà IMO lórí bí ọkọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ lè dúró fàyè gba ìlọ́po 15 gígùn ọkọ̀ láti orí eré ìdánwò rẹ̀, ìyẹn kìlómítà 6 fún ọkọ̀ tí ó gùn tó mítà 400. Eré kánáàlì kéré sí eré ìdánwò, ibi tí ọkọ̀ yóò dúró sí yóò sì sún mọ́ tòsí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ọkọ̀ tí ó bá yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ (ohun tí ń yí lábẹ́ omi láti ti ọkọ̀ lọ) sẹ́yìn nínú omi híhá máa ń sọ agbára ìtọ́kọ̀ nù, orí rẹ̀ sì lè yà sí bèbè. Kí àlàfo tí ẹ yàn tó fún ọkọ̀ ẹ̀yìn láti dúró láìfi ipá yí abẹ̀bẹ̀ padà. Bí omi bá ń ti ọkọ̀ láti ẹ̀yìn, ẹ fi kún àlàfo náà. Kí ẹ̀rọ máa wọn àlàfo yìí fúnra rẹ̀, kí òṣìṣẹ́ sì bá ọkọ̀ ẹ̀yìn sọ̀rọ̀ ní kété tí ó bá kéré jù. Ọkọ̀ agbépo àti agbégáàsì gbọ́dọ̀ ní àlàfo tí ó gùn ju ti àwọn yòókù lọ, láìsí àríyànjiyàn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ọ̀rọ̀ tí ń lọ lórí rédíò

Lórí afárá ọkọ̀ kan náà, ìyẹn yàrá tí wọ́n ti ń darí ọkọ̀, ni ẹ óò ti bá afọ̀nàhàn ará Íjíbítì, ọ̀gá ọkọ̀ ará Íńdíà, àti ẹni tí ń di ìtọ́kọ̀ mú láti ilẹ̀ mìíràn. IMO ti ṣètò gbólóhùn ìbánisọ̀rọ̀ ojú omi ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dára kí òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ sọ irú ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ sọ, bóyá ìròyìn ni, ìkìlọ̀, ìmọ̀ràn tàbí àṣẹ, kí ó tó sọ ọ́. Ẹni tí ó gbọ́ àṣẹ gbọ́dọ̀ tún un sọ padà. Ìlànà IMO A.1158(32), tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá, ọdún 2021, fún ibùdó ìṣọ́ láyè láti pàṣẹ, ṣùgbọ́n kò gba ojúṣe ìtukọ̀ kúrò lọ́rùn ọ̀gá ọkọ̀. Nítorí náà, kí àṣẹ yín sọ ohun tí ó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀, bí àpẹẹrẹ kí eré má kọjá nọ́ọ̀tì 8, kí ẹ sì fi bí wọn yóò ṣe lo ẹ́ńjìnnì àti ìtọ́kọ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí ó wà lórí ọkọ̀.

Ẹ tún jẹ́ kí ó yé gbogbo ènìyàn, kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹni tí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wà lẹ́nu rẹ̀. Ní Suez, olùdámọ̀ràn ni afọ̀nàhàn, ọ̀gá ọkọ̀ ni ẹrù wà lọ́rùn rẹ̀. Ní Kánáàlì Panama, afọ̀nàhàn ni ó ń gba ìdarí ọkọ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ tí ó bá ti ibì kan wá sí èkejì láìrántí èyí lè dákẹ́ nígbà tí ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Ọkọ̀ afakọ̀ àti ìmúrasílẹ̀ fún ìgbà tí ọ̀nà bá dí

Ẹ pín ọkọ̀ afakọ̀ sí ojú ọ̀nà, kí ó má ṣe jẹ́ pé ẹnu èbúté nìkan ni gbogbo wọn kó jọ sí. Ẹ mọ agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi wé ọkọ̀ tí ó tóbi jù tí ẹ ń gbà wọlé. Nígbà tí Ever Given há, ọkọ̀ afakọ̀ Alp Guard láti Netherlands àti Carlo Magno láti Ítálì wá kún àwọn tí ó wà nílẹ̀, wọ́n sì dé ní ọjọ́ 28. Ọkọ̀ Mashhour ti ń wa yanrìn kúrò lábẹ́ iwájú rẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, omi tí ó kún nítorí òṣùpá àrànmọ́jú sì ran gbogbo wọn lọ́wọ́. Kí ẹ ti ní àdéhùn tí a ti fọwọ́ sí pẹ̀lú àwọn tí ẹ óò pè kí ọjọ́ bẹ́ẹ̀ tó dé, kí ẹ sì máa ṣe ìdánrawò rẹ̀ lọ́dọọdún, pẹ̀lú ọkọ̀ gidi bí ó bá ṣeé ṣe.

Fífẹ ọ̀nà náà jẹ́ ara ìdáhùn. Lẹ́yìn tí Ever Given há ní ọdún 2021, àwọn aláṣẹ Suez bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ abala gúúsù láti kìlómítà 132 dé 162 ní mítà 40 sí apá ìlà-oòrùn, wọ́n sì gbẹ́ ọ̀nà kejì tí ó gùn tó kìlómítà 10 kún ti tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gba ọ̀pọ̀ ọdún àti owó gọbọi.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ pa ìwífún mọ́, kí ẹ sì máa wò ó

Ẹ pa ohùn rédíò, ìrìn ọkọ̀ lójú AIS àti rédà, àti ìwọ̀n atẹ́gùn mọ́ pọ̀ lórí aago kan náà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ wo wákàtí kan lè rí i, kí ó sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ ńlá ní ẹ̀rọ tirẹ̀ tí ń gba ohùn inú afárá sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí jàm̀bá bá ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó béèrè fún un. Tiyín ń bá yín sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí àwọn afọ̀nàhàn àti òṣìṣẹ́ ìṣọ́ jókòó pọ̀ wo ọkọ̀ tí ó dagun jù àti àlàfo tí ó kéré jù ní ọ̀sẹ̀ náà, láìdárúkọ ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí wọ́n bá rí níbẹ̀ ni kí ẹ fi tún nọ́ńbà tábìlì ìgbésẹ̀ kejì ṣe.

Kánáàlì tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kò gbọdọ̀ dúró de rédà tuntun kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ra àwọn ẹ̀rọ tí ń wọn atẹ́gùn, nítorí pé wọn kò wọ́n, kí ẹ gbé wọn sí àwọn ibi tí ẹ ti sàmì sí ní ìgbésẹ̀ kìíní, kí ẹ kọ tábìlì, kí ẹ sì fi àṣẹ ìdádúró lé ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé tí ọ̀gá àgbà fọwọ́ sí. Lẹ́yìn èyí ni kí owó kámẹ́rà tẹ̀ lé e, kí ti rédà sì wá gbẹ̀yìn.